Kẹ́ ẹ tó fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣòwò ìgbéyàwó n'Ílùú Ọba, ẹ yẹ bẹ́líìtì rẹ̀ wò

Ìgbéyàwó kì í ṣe nǹkan kékeré láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London. Aṣọ ẹbí ń bẹ, alága ìjókòó ń bẹ, onílù ń bẹ, ọkọ̀ tí yóò sì gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo èèyàn ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni òwò kan ti yọjú. Èèyàn á ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan, á tún un kùn, á so ríbọ́ǹnù funfun mọ́ iwájú rẹ̀, á sì máa fi í háyà fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà mí-ìn, kì í ṣe ẹni tó wà lọ́hùn-ún nìkan ló ń dá owó irú òwò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó wà nílé náà máa ń dá sí i, wọn á sì jọ pín èrè.

Ẹ jẹ́ ká fi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àbúrò ń gbé ní Peckham, ẹ̀gbọ́n sì ń ta irin àti sìmẹ́ńtì n'Íbàdàn. Àbúrò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí ọkọ̀ náà. Jaguar Mark 2 ni, ọdún 1962 ni wọ́n ṣe é. Ìjọba ti ní kò nílò àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́, ìyẹn á dín ìnáwó wa kù. Ẹ bá mi fi ìdajì owó náà ránṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ní: "O káre. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tẹ́nikẹ́ni kì í yẹ̀ wò, ta ló máa sọ fún wa tí nǹkan bá ti jẹrà lábẹ́ rẹ̀? Ṣé ó tiẹ̀ ní bẹ́líìtì tí wọ́n ń so mọ́ àyà?"

Àbúrò fèsì pé kò ní, àti pé òfin ò ní kó ní.

Òótọ́ ni àbúrò sọ. Àmọ́ ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó tì, torí ó lè mú kí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fowó rà máà lè gbé àwọn èrò tí wọ́n tìtorí wọn rà á.

Ní England, Scotland àti Wales, MOT ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣì yẹ lẹ́ni tó ń rìn lójú títì. Ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, kó tó di pé wọ́n ń dín ọdún náà kù títí tó fi di mẹ́ta. Ó jọ ìwé tí àwọn VIO ń fún wa níbí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gáréèjì aládàáni tí ìjọba fún láṣẹ ló sábà máa ń ṣe é, owó tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan kò sì gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 54 àti pẹ́ńsì 85 lọ.

Ní 2012, ìjọba yọ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe kí ọdún 1960 tó wọlé kúrò nínú àyẹ̀wò yìí. Nígbà tó di ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 2018, wọ́n mú àyè náà fẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ tó bá ti lé ní 40 ọdún tí wọ́n ti ṣe é tàbí tí wọ́n ti kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní láti lọ mọ́, bí wọn ò bá ti ṣe àyípadà ńlá sí i láàárín 30 ọdún sẹ́yìn. Àyípadà ńlá ni kéèyàn pààrọ̀ ṣáàsì, bọ́dì, ásù tàbí ẹ́ńjìnnì lọ́nà tó yí bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i pé òun ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àlàyé tí ìjọba ṣe ni pé àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí máa ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, wọn kì í sì í fi rìn púpọ̀. Ọdọọdún ni ọkọ̀ tuntun ń wọ inú ẹgbẹ́ náà, torí kíkà ni wọ́n ń ka ọdún náà lọ. Àwọn tí wọ́n ṣe lọ́dún 1985 ti pé 40 ní 2025.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti yọ ọkọ̀ kúrò nínú àyẹ̀wò, wọ́n wá rò pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú òfin. Òfin ọ̀tọ̀ ni ti àyẹ̀wò, òfin ọ̀tọ̀ ni ti ohun tó gbọ́dọ̀ wà lára ọkọ̀. Ẹni tí ọlọ́pàá bá mú pẹ̀lú ọkọ̀ tó léwu lójú títì lè san owó ìtanràn tó tó 2,500 pọ́n-ùn, kí wọ́n sì kọ àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta sára láísẹ́ǹsì rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní ti bẹ́líìtì, ọjọ́ orí ọkọ̀ lòfin ń wò. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò lójú títì kó tó di ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1965, òfin ò ní kó ní bẹ́líìtì kankan. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò láti ọjọ́ náà wá gbọ́dọ̀ ní i fún awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í níwájú. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, ọdún 1981, bẹ́líìtì iwájú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó gba èjìká kọjá tó sì tún dè mọ́ itan. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, ọdún 1987, ó di dandan kí ọkọ̀ tuntun ní in lẹ́yìn náà.

Ìdí tó fi rí báyìí ò le. Ní 1959 ni Nils Bohlin, ẹnjiníà ará Sweden tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ Volvo, ṣe bẹ́líìtì tó so mọ́ ibi mẹ́ta, èyí tí gbogbo wa mọ̀ lónìí. Volvo kò há a mọ́wọ́, wọ́n jẹ́ káwọn iléeṣẹ́ tó kù máa lò ó. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1955 kò lè ní ohun tẹ́nikẹ́ni ò tí ì ṣe. Ìjọba náà ò fẹ́ fipá mú àwọn tó ni ín láti máa lu bọ́dì rẹ̀ nílùkulù, torí ihò tí wọ́n bá lu síbi tí kò lágbára léwu ju kó má sí bẹ́líìtì rárá lọ.

Ẹ wá padà sórí Jaguar yẹn. Láàárín 1959 sí 1967 ni wọ́n fi ṣe Mark 2. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1962 àti èyí tí wọ́n ṣe ní 1966 jọra bí ìbejì, ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì lè má mọ èwo lèwo. Kò sí èyí tó nílò MOT mọ́ nínú wọn. Àmọ́ ti 1962 lè máa lọ láìní bẹ́líìtì, ti 1966 sì gbọ́dọ̀ ní méjì níwájú, kí méjèèjì sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn kan tó ń ta ọkọ̀ máa ń tú bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò kí awọ ìjókòó lè hàn dáadáa nínú fọ́tò. Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá bi wọ́n, wọn á ní "ọkọ̀ àtijọ́ ni, kò nílò rẹ̀." Ẹni tí ò bá wo ọdún tó wà nínú ìwé ọkọ̀ á gbà wọ́n gbọ́, òun ni yóò sì fara gbá a lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Volkswagen Ìjàpá ọdún 1972 tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó. Ó ti kúrò nínú àyẹ̀wò, kò kúrò nínú bẹ́líìtì.

Níbi tí bẹ́líìtì bá wà, dandan ni kéèyàn dè é. Ọjọ́ 31, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1983 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó jókòó níwájú, ó sì kan àwọn àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn náà ní 1991. Ẹni tí wọ́n bá gbá mú lè san 100 pọ́n-ùn lójú ẹsẹ̀. Bó bá dé kóòtù, owó náà lè tó 500. Aṣọ òfì tàbí gèlè ìyàwó kì í ṣe àwáwí. Ẹni tó bá ti pé ọdún 14 ló máa dáhùn fún ara rẹ̀, àmọ́ bọ́mọ ò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ọrùn awakọ̀ ló wà.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí gan-an ló lè da òwò náà rú. Bí wọ́n bá ṣe ọkọ̀ kan láìní bẹ́líìtì láti iléeṣẹ́, tí kò sì ní i títí dòní, òfin Ìlú Ọba sọ pé kò gbọdọ̀ gbé ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta rárá, ì báà jẹ́ fún ojú ọ̀nà kékeré láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tó ti ju ọdún mẹ́ta lọ lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nìkan ni yóò jókòó sí.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe máa rí lọ́jọ́ Sátidé. Jaguar 1962 ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń dán gbinrin. Ìyàwó jáde, bàbá ìyàwó jáde, ìyá ìyàwó wá gbé ọmọ ọdún méjì tí wọ́n ti wọ láṣọ funfun, tó fọwọ́ mú agbọ̀n òdòdó, ó ní: "Jọ̀ọ́, ìwọ dẹ́rẹ́bà, ọmọ yìí máa jókòó lẹ́sẹ̀ mi." Awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé: "Ẹ má bínú, mọ́mì, òfin ò gbà á." Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ọmọ á bú sẹ́kún, àǹtí ìyàwó á bínú, ẹni tó háyà ọkọ̀ á ní kí wọ́n dá owó òun padà, wọn á sì ròyìn iléeṣẹ́ náà fún gbogbo ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí awakọ̀ bá sì gbà, tí ọkọ̀ tó wà níwájú tẹ bíréèkì lójijì, ọwọ́ ìyá àgbà kò lè di ọmọ náà mú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ nínú dáńfó mọ bí ara ṣe máa ń fò síwájú nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì, ìyẹn sì jẹ́ níbi tí wọn ò tíì forí gbárí.

Nítorí náà, orí fóònù, kẹ́ ẹ tó gba owó àsansílẹ̀, ni kẹ́ ẹ ti béèrè iye ọmọdé tó máa bá ìyàwó rìn àti ọjọ́ orí wọn. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọkọ̀ náà kì í gbé ọmọ tí kò pé ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ ní ọkọ̀ kejì tó jẹ́ tòde òní, tó ní ìjókòó ọmọdé, kẹ́ ẹ sì máa ta méjèèjì pọ̀. Owó gidi wà nínú ìyẹn, torí ìgbéyàwó Yorùbá tí kò lọ́mọdé nínú ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀nà kejì ni kéèyàn so bẹ́líìtì mọ́ ọkọ̀ tí kò ní i tẹ́lẹ̀. Kò sí òfin tó kọ̀ ọ́, kò sì sí lára àwọn àyípadà ńlá tó ń dá ọkọ̀ padà sínú MOT. Ọ̀pọ̀ tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ló ń ṣe é torí ẹ̀mí ara wọn. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Bí bẹ́líìtì bá ti wà níbẹ̀, ẹni tó jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ dè é. Ọmọdé náà gbọ́dọ̀ lo ìjókòó tó bá ara rẹ̀ mu títí yóò fi pé ọdún 12, tàbí títí yóò fi ga tó sẹ̀ńtímítà 135, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé.

Ibi tí wọ́n máa dè é mọ́ ló tún le jù. Páànù pẹlẹbẹ ni ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, wọn ò ṣe é kó lè di èèyàn mú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó wọn 70 kílò jókòó nínú ọkọ̀ tó ń sá eré 30 máìlì ní wákàtí kan, ọkọ̀ náà wá forí sọ nǹkan débi pé ara ẹni náà ní láti dúró láàárín ìdajì mítà. Agbára tí yóò fa bẹ́líìtì náà ju ìwúwo tọ́ọ̀nù kan lọ. Bí bóòtù bá gba inú páànù lásán kọjá, yóò fà á ya bí ẹni fa bébà ya. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń fi irin pẹlẹbẹ tó nípọn tẹ́ ẹ lábẹ́, kí agbára náà lè tàn káàkiri. Iṣẹ́ ẹni tó ń jó géètì kọ́ nìyí. Ẹ wá ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ àtijọ́ níṣẹ́, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì lọ ra bẹ́líìtì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá. Bẹ́líìtì tó ti di èèyàn mú nígbà tí ọkọ̀ forí sọ ti fà, òwú inú rẹ̀ ti rẹ̀, kódà bí ojú ò rí i. Oòrùn náà máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́líìtì tó ti wà lójú fèrèsé láti ọdún 1970 lè dáa lójú, kó má dáa nínú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀gbọ́n tó wà n'Íbàdàn lè sọ fún àbúrò rẹ̀ tí kò ní ná wọn lówó púpọ̀: kó gbé ọkọ̀ náà lọ ṣe MOT bí òfin ò tiẹ̀ fipá mú un. Wọn kì í lé ọkọ̀ àtijọ́ tó bá wá fúnra rẹ̀ padà. Ẹni tó bá fẹ́ tà á, tó wá ń yẹra pé kò pọn dandan, ẹ béèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kí ni pọ́n-ùn 54 àti pẹ́ńsì 85 lára owó Jaguar?

Ohun tí ayẹ̀kọ̀wò máa ń wò lára bẹ́líìtì kì í ṣe awo, ẹ̀yin náà lè wò ó. Á fa òwú bẹ́líìtì náà jáde tán pátápátá, torí apá tó máa ń wà nínú ló sábà máa ń gé. Á wò ó bóyá etí rẹ̀ ti ń ja, bóyá ojú rírán rẹ̀ ti ń tú. Á ki irin rẹ̀ bọ ibi tó ti ń há, á fà á pẹ̀lú agbára, á tún tẹ̀ ẹ́ kó rí i bóyá ó ń tú lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ irú èyí tó máa ń ká ara rẹ̀ padà, á wò ó bóyá ó ń ká. Ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì àwọn ọdún 1960 kì í ká ara wọn, ọwọ́ lèèyàn fi ń fún un tàbí dẹ̀ ẹ́, ìyẹn kì í sì í ṣe àléébù.

Lẹ́yìn náà ló máa tẹjú mọ́ ibi tí bóòtù rẹ̀ wọlé sí. Bí irin bá ti dípẹtà débi tó ti rọ̀ láàárín sẹ̀ńtímítà 30 sí ojú bóòtù náà, ọkọ̀ náà já nìyẹn. Ibí yìí gan-an ló ń pa owó àwọn tó ń ra ọkọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà ń ta sábẹ́ ọkọ̀, ó sì ń jẹ irin láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Òkè lè máa dán, kí ìsàlẹ̀ ti jẹrà. Àwọn kan á fi bọ́dì fílà dí ihò rẹ̀, wọn á kùn ún, wọn á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun lé e. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì náà sókè. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, kẹ́ ẹ fi kan ibi tí bẹ́líìtì gbé wọlé. Irin á fà á mọ́ra, bọ́dì fílà kò ní fà á.

Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tó jọ àgbà tí kì í ṣe àgbà. Beauford wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù níbi ìgbéyàwó n'Ílùú Ọba. Ẹni tó bá rí i á ní ọdún 1930 ni wọ́n ṣe é, pẹ̀lú imú gígùn àti iná ńlá méjì níwájú. Àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì kàn tò pọ̀ láti ara ẹ̀yà ọkọ̀ mí-ìn. Ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò ọdún, kì í ṣe ojú ọkọ̀. Ẹni tó ra irú rẹ̀ tó wá ń sọ pé ọkọ̀ òun ti kúrò nínú MOT àti bẹ́líìtì ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ní ti ìwé àṣẹ, àǹfààní kan wà. Ní England àti Wales, títí kan London, ọkọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú kò ní láti gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ akérò aládàáni. Bí àbúrò bá wá fi Jaguar náà gbé àwọn ọmọ iléèwé lọ síbi ayẹyẹ ìparí, tàbí tó fi gbé oníbàárà láti pápákọ̀ òfuurufú, ó ti kúrò lábẹ́ àǹfààní yẹn nìyẹn. Àdójútòfò ọkọ̀ ara ẹni kì í sì í bo ọkọ̀ tí wọ́n ń fi háyà. Kí wọ́n sọ òtítọ́ fún iléeṣẹ́ adójútòfò látìbẹ̀rẹ̀, títí kan bí ọkọ̀ náà ò bá ní bẹ́líìtì.

Àwọn tó ń ṣe irú òwò yìí nílé náà ń bẹ. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen Ìjàpá pọ̀ l'Ékòó, ọdún yẹn náà ni iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ìjàpá àti 504 tí wọ́n tọ́jú dáadáa ṣì ń gbé ìyàwó lónìí. Òfin ọdún 1965 yẹn kì í ṣe tiwa o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa kà á sí òṣìṣẹ́ FRSC létí lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, torí ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́líìtì wà nínú ìwé wọn, 2,000 náírà sì ni owó ìtanràn rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì àti kápẹ́ẹ̀tì tí a gbé sókè ò mọ ìlú, wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá sì ń rò ó pé bí òwò London ò bá yọrí, òun á kó Jaguar náà wálé, kó rántí pé apá ọ̀tún ni sítẹ́rìnnì rẹ̀ wà, àwa sì ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì láti ọdún 1972.

Àbá tó lè bá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò inú àpẹẹrẹ wa mu rèé. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé tọkọtaya nìkan, Jaguar 1962 tí abẹ́ rẹ̀ dáa lè pa owó fún wọn. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ẹlẹ́bí púpọ̀ ni wọ́n ń fojú sùn, ó sàn kí wọ́n wá ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1965 tí bẹ́líìtì rẹ̀ pé, tàbí kí wọ́n ṣírò owó ẹni tí yóò so tuntun mọ́ ọn kún iye tí wọ́n fẹ́ rà á. Kí wọ́n fi ìyẹn dúnàádúrà pẹ̀lú ẹni tó ń tà á.

Ẹ̀gbọ́n lè wá pe àbúrò rẹ̀ padà báyìí pé: "Àbúrò mi, owó wà nílẹ̀. Kọ́kọ́ gbé kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yẹn sókè, kí o ya fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tó o bá ti ṣe MOT rẹ̀ tán, fi ìwé rẹ̀ náà kún un. Ọjọ́ tí mo bá rí méjèèjì ni mà á lọ sí báńkì."